Dùùrù Àlejò àti Ohùn Onílé: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Iṣẹ́ Fẹlá Ṣówándé

Yorùbá gbà pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n bá wọlé tán, tí ó sì jókòó sórí àga onílé, ìbéèrè mìíràn a máa yọjú: ta ni yóò kọ́ ta ní èdè? Ìbéèrè yìí ni ó wà nílẹ̀ lónìí nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àti gbàgede ayẹyẹ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Láti Òmù-Àrán títí dé Èsìẹ́ àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù, tí yóò fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì, tí ìlù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìsí onílù. Bí onígángan bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ó máa ń tọ̀. Ẹ̀rọ kì í dúró dè é. Àwọn àgbà a máa ráhùn pé dùùrù oníná ti lé onílù kúrò lójú agbo. Àwọn ọ̀dọ́ a sì dáhùn pé ayé ti yí padà, àti pé ohun tí ó bá dùn létí ni à ń jó sí.

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ni ní èdè Yorùbá, àríyànjiyàn yìí ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì: ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀, àti ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó. Àwọn ohùn wọ̀nyí náà ni onílù ń fún jáde lára osán ìyáàlù, tí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù yóò fi mọ̀ bóyá oríkì ni ó ń kì, tàbí òwe ni ó ń pa, tàbí ó ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹnìkan lára. Ìlù tí a tẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ ń dún, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ju irú ìlù bẹ́ẹ̀ lọ láti kékeré ti pàdánù ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé, níbi tí a ti ń kọ́ etí láti mọ ohùn kí ọwọ́ tó kọ́ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ ní wíwádìí ni bóyá ohun èlò àlejò lè sọ èdè onílé, àti irú ẹni tí ó lè mú un sọ ọ́.

Ìgbésí ayé olórin kan wà tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Olóyè Olúfẹlá Ọbafúnmiláyọ̀ Ṣówándé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Fẹlá Ṣówándé, kì í ṣe ọmọ Ìgbómìnà. A bí i ní 1905, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, Èkó ni ó sì ti kàwé, ní CMS Grammar School àti ní King's College. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta tí ó ń bá ara wọn fa wàhálà nínú ilé ìjọsìn òde òní, èyí ni orin àtijọ́ àwọn ará Yúróòpù, dùùrù tí iná mànàmáná ń mú dún, àti ijó, ni ó ti pàdé nínú ọkùnrin yìí láti nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ọmọdé ni nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ akọrin Cathedral Church of Christ ní Èkó, lábẹ́ Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips (1884–1969), ẹni tí ó tẹ dùùrù ìjọ náà láti 1914 títí di 1962. Ọ̀rọ̀ ohùn jẹ Phillips lọ́kàn púpọ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìjọ sí èdè Yorùbá, orí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé láìwo ohùn ọ̀rọ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́ lẹ́nu akọrin, ìjọ a sì máa kọ ohun tí kò sí lọ́kàn wọn. Phillips kọ́ àwọn akọrin rẹ̀ ní orin tí ó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì ṣàlàyé èrò rẹ̀ nínú ìwé tí ó pè ní Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953. Abẹ́ olùkọ́ yìí ni Ṣówándé ti kọ́ nǹkan méjì pọ̀: ó gbọ́ iṣẹ́ Bach lórí dùùrù onífèrè ńlá, ó sì mọ̀ pé orin Yorùbá tí kò bá bọ̀wọ̀ fún ohùn ọ̀rọ̀ kò tíì di orin Yorùbá.

Orin tí à ń pè ní baroque ni èyí tí ó gbilẹ̀ ní Yúróòpù láàárín nǹkan bí 1600 sí 1750. Johann Sebastian Bach (1685–1750), ọmọ Jámánì, àti George Frideric Handel (1685–1759), tí a bí ní Jámánì ṣùgbọ́n tí ó fi London ṣe ilé, wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lè rò pé ó jìnnà pátápátá sí ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ẹgbẹ́ ìlù dùndún kì í pẹ́ rí ohun tí ó jọra. Nínú orin tí wọ́n ń pè ní fugue, ohùn kan á kọ́kọ́ dá orin, òmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta á tún gbà á, wọn á máa lé ara wọn kiri láìkọlu ara wọn. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ orin ìgbà náà, dùùrù kan àti gòjé ńlá kan máa ń rìn pọ̀ láìdánu dúró, kí àwọn yòókù lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ bí àwọn omele ṣe ń di agbo mú nígbà tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ yóò mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́. Atẹdùùrù ìsàlẹ̀ yìí kì í sì í rí gbogbo ohun tí yóò tẹ̀ nínú ìwé. Nọ́ńbà díẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún un, òun ni yóò fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kún ìyókù. Ijó pàápàá kò jìnnà sí wọn: orúkọ ijó ni ó wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin Bach tí à ń pè ní suite, bí i allemande, courante, sarabande àti gigue. Èyí kò sọ pé Yorùbá ni ó kọ́ Bach, tàbí pé Bach ni ó kọ́ Yorùbá. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ó bá mọ tinú ilé dáadáa kì í bá òde pàdé gẹ́gẹ́ bí afọ́jú.

Ní àárín ẹ̀wádún 1930 ni Ṣówándé rìnrìn àjò lọ sí London. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó lọ kọ́, ṣùgbọ́n orin ni ó fi ń gbọ́ bùkátà, nígbà tí ó sì yá, orin gba ipò ẹnjiníà. Ó tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ orin jáàsì àti nínú àwọn ilé ijó alẹ́. Ó bá Fats Waller, gbajúmọ̀ atẹdùùrù ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ dùùrù pọ̀, ó sì máa ń tẹ dùùrù fún Adelaide Hall, akọrin obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ní ilé ijó tirẹ̀ ní London.

Àsìkò náà gan-an ni ohun èlò tuntun kan jáde. Ní 1935 ni dùùrù tí Laurens Hammond ṣe ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà. Nínú àpótí rẹ̀, àwọn kẹ̀kẹ́ irin kéékèèké máa ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà; yíyí wọn ni ó ń dá iná mànàmáná tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò sọ di ohùn. Kò ní fèrè, kò nílò atẹ́gùn, kò sì gba àyè bí i dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀pá kéékèèké wà lójú rẹ̀ tí atẹdùùrù lè fà jáde tàbí kí ó tì wọlé, láti po ohùn pọ̀ bí alásè ti ń po èròjà ọbẹ̀. Nítorí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi rà á. Nítorí adùn rẹ̀ ni àwọn onílé ijó fi gbà á. Ṣówándé wà lára àwọn tí ó tètè mọ̀ ọ́n tẹ̀ ní London. Baba ńlá ni dùùrù yìí jẹ́ fún kíbọ́ọ̀dù tí ó wà ní Òmù-Àrán lónìí.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyèsí ni pé ẹni tí ó ń fi dùùrù oníná mú àwọn ènìyàn jó lálẹ́ kò fi ẹ̀kọ́ dùùrù onífèrè sílẹ̀. Ní 1943, ó yege nínú ìdánwò tí ó sọ ọ́ di Fellow ní Royal College of Organists, ìdánwò tí kì í ṣe ti ọ̀lẹ rárá. Láti 1945 sí 1952, òun ni atẹdùùrù fún West London Mission ní Kingsway Hall. Láàárín ọdún wọ̀nyí, ní 1944, ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Ọ̀nà tí ó gbà tò ó yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Gẹ́gẹ́ bí suite àwọn ará àtijọ́, orin kéékèèké mélòó kan ni ó tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀, márùn-ún ni wọ́n. Ó lo orin Ephraim Amu (1899–1995), ọmọ ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Nígbà tí ó sì kan ìkádìí, níbi tí Bach ìbá ti fi gigue jó, Ṣówándé gbé Akinla kalẹ̀, èyí tí ó mú láti inú orin ijó háíláìfù. Kò ba ilé onílé jẹ́. Àga tí ó ṣófo fún ijó ni ó fi ijó tirẹ̀ jókòó lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi Akinla ṣe orin ìdánimọ̀ ètò kan lórí rédíò Kánádà, tí àwọn tí kò mọ Èkó rárá fi mọ ìró rẹ̀.

Ní 1953 ó padà sí Nàìjíríà láti darí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí sì gba òmìnira ní 1960, òun ni ó kọ Folk Symphony fún ayẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún dùùrù ni ẹ̀kọ́ tí ó kan olùkọ́ èdè pọ̀ sí jù. Orúkọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́: Ọbáńgíjì, Oyígíyigì, K'á Múra, Jésù Olùgbàlà. Orin tí ìjọ Yorùbá mọ̀ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì fi ọgbọ́n tí ó kọ́ lọ́dọ̀ Bach gbé e gba inú ohùn kan bọ́ sínú òmíràn. Nígbà tí orin tí ó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ bá ti ẹsẹ̀ dùùrù gòkè lọ sí ìka ọwọ́ ọ̀tún, ìrísí ohùn rẹ̀ kì í yí padà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan náà kì í ti í yí padà nígbà tí baba bá sọ ọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ sì tún un sọ. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ orin náà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ la ẹnu. Iṣẹ́ ìyáàlù gan-an nìyẹn. Àlejò ti ń sọ Yorùbá.

A kò gbọdọ̀ bo ibi tí ó kù sí mọ́lẹ̀. Ohùn tí dùùrù bá tẹ̀ dúró lójú kan. Kò lè yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí osán ìyáàlù ti ń yọ̀ nígbà tí onílù bá fẹ́ pe ìwé tàbí ọ̀pá. Àwọn kan tún sọ pé òyìnbó pọ̀ jù nínú orin Ṣówándé, àti pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti gbọ̀ngàn òkè òkun ni ó mọ sí, kò dé ọjà. Òótọ́ wà nínú èyí, nítorí pé ẹni tí kò bá lè ka orin nínú ìwé kò lè tẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣówándé ní tirẹ̀ kò gbà kí a fi ọgbà yí iṣẹ́ ọnà ẹ̀yà kan ká kí ti ẹlòmíràn má baà wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó kẹ̀yìn sí ilé: ó fi ọdún púpọ̀ ṣe ìwádìí lórí Ifá àti orin ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà kí ó tó lọ máa kọ́ni ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó kú sí ní 1987.

Kì í ṣe gbogbo àdàlù ni ó jinlẹ̀ bákan náà. Ní 1993, Hugues de Courson, ọmọ Faransé, àti Pierre Akendengué, ọmọ Gabon, gbé àwo orin kan jáde tí wọ́n pè ní Lambarena, ní ìrántí Albert Schweitzer (1875–1965), oníṣègùn tí ó tún jẹ́ atẹdùùrù Bach, tí ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lambaréné ní 1913. Wọ́n to orin Bach àti orin àwọn ará Gabon mọ́ ara wọn, Val Caniparoli sì sọ ọ́ di ijó fún San Francisco Ballet ní 1995. Ó dùn ún gbọ́, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ìpàdé olórin méjì tí oníkálukú mú tirẹ̀ wá ni. Ní ti Ṣówándé, inú orí ẹnìkan ṣoṣo ni ìpàdé náà ti ṣẹlẹ̀, orí tí ó ti jókòó sí ẹsẹ̀ olùkọ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ọ̀nà náà kò dí. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì (1938–1997) lọ sí Trinity College of Music ní London ní 1958, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní orin àwọn ará Yúróòpù. Ní ẹ̀wádún 1970, ó ń tẹ dùùrù oníná nínú orin Afrobeat tí gbogbo ayé ń jó sí. Nígbà tí King Sunny Adé gbé Juju Music jáde ní 1982, ohùn ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò lé onígángan dìde. Akin Euba (1935–2020), tí òun náà kọ́ dùùrù ní Trinity, kọ ìwé ńlá lórí ìlù dùndún, tí ó jáde ní 1990. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ẹ̀rọ sọ di aláìgbọ́-ìlù.

Ní Èsìẹ́, ère òkúta tí ó lé ní 800 wà nínú mùsíọ́ọ̀mù tí a ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé àlejò ni wọ́n nígbà ayé wọn, kí wọ́n tó di òkúta. Bí a bá fi ìtàn náà wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí dùùrù láàárín wa, a óò rí i pé ọ̀nà méjì ni àlejò lè gbà gbé lọ́dọ̀ onílé. Ó lè jókòó títí ayé kí ó má sọ̀rọ̀, kí á máa wò ó kí á sì máa yìn ín. Ó sì lè kọ́ èdè ilé, kí ó di ọmọ ilé. Kíbọ́ọ̀dù tí a kàn ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, òkúta ni, bí ó ti wù kí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó.

Ẹ̀rọ òde òní tilẹ̀ ní ohun kan tí Ṣówándé kò rí lára dùùrù rẹ̀. Ní apá òsì ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tí a lè fi ìka yí, tí ohùn yóò sì yọ̀ lọ sókè tàbí sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí onílù bá fún osán tí ó sì dẹ̀ ẹ́. Ibi tí dùùrù onífèrè kù sí ni ẹ̀rọ yìí ti lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó kù ni etí tí ó mọ ohùn, kíláàsì Yorùbá sì ni ibi tí a lè ti kọ́ etí náà. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà lè sọ fún ọmọ kan kí ó mú òwe kan, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù láìlanu, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa wá òwe náà. Lẹ́yìn náà, kí ó pe onílù kan láti inú ìlú wá sí kíláàsì, kí ó fi ìyáàlù sọ òwe kan náà, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rọ ti ṣì í pè. Ẹ̀kọ́ ohùn nìyẹn, ẹ̀kọ́ orin sì ni pẹ̀lú. Onílù tí wọ́n pè wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kò ní tọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ni yóò tọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé èyí ṣòro yẹ kí ó rántí ohun tí olùkọ́ Yorùbá ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè, dò, re, mí ni ó máa ń lò. Inú orin àwọn ará Yúróòpù ni dò, re, mí ti wá. Ó ti pẹ́ tí ó ti di ti wa tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọmọ tí ó ń béèrè ibi tí ó ti wá, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ mú un wọ kíláàsì mọ ohùn Yorùbá kí ó tó mú un wọlé.